Ṣé ẹnì kankan ní ìbéèrè?

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Mọ́ńdè ni mítíìnì wa máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́rìnlá la máa jókòó yí tábìlì gígùn kan ká, ọ̀gá á dúró níwájú, wọ́n á ka ripọ́ọ̀tù ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n á sọ iye tó yẹ ká ṣe tá ò ṣe, tó bá wá ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún wọ́n á kó bébà wọn jọ, wọ́n á ní, "Ṣé ẹnì kankan ní ìbéèrè?" Gbogbo wa á wolẹ̀. Mo mọ tábìlì yẹn bí ẹni mowó. Ẹnì kan ti fi bírò ha á níwájú ibi tí mo máa ń jókòó sí, omi sì ti wọ abẹ́ pátákó ẹ̀ lápá ọ̀tún tó fi wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. A ó jókòó bẹ́ẹ̀, kò séèyàn tó máa wúkọ́ pàápàá. Ọ̀gá á ní "Ó dáa, ẹ ṣeun," a ó sì dìde fùú bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu agogo fún.

Ó lé ní ọdún mẹ́rin tí mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà, ẹ má wulẹ̀ bi mí, kò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan, torí mo ti sọ ìtàn yìí fún nọ́ọ̀sì, mo ti sọ ọ́ fún tíṣà, mo ti sọ ọ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, kò sí èyí tí ò sọ pé "àwa náà ní tábìlì yẹn" nínú wọn. Ohun tó ń dùn mí kọ́ ni pé ọ̀gá ò dáa tàbí pé owó oṣù kéré. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí di òní ni bí àgbàlagbà mẹ́rìnlá tó lẹ́nu dáadáa ṣe wá ya odi. Torí pé a ò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ariwo ni mítíìnì yẹn. Ẹ̀ka tó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn la wà. Iléeṣẹ́ ń ta software tí àwọn èèyàn fi ń ṣe ìwé ìṣirò ọjà wọn, tó bá wá yọnu fún ẹnì kan, ó máa pè wá, a ó ṣí tíkẹ́ẹ̀tì fún un, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìṣòro tó pè nípa ẹ̀, a ó wá ibi tó ti ń ṣe é, a ó bá a tún un ṣe, a ó wá pa tíkẹ́ẹ̀tì náà dé. Tó bá di Mọ́ńdè a ó máa jà. Ẹnì kan á ní àwọn tó ń kọ software ò kì í gbọ́ tiwa, ẹlòmíì á ní ó tì o, àwa la ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé, ẹnì kẹta á ní kí ẹ̀yin méjèèjì jọ̀ọ́ gbẹ́nu dákẹ́ torí fóònù tòun ti ń dún láti ìdájí. A ó ráhùn, a ó bú ara wa díẹ̀, a ó rẹ́rìn-ín, nǹkan méjì mẹ́ta á sì yí padà kí Mọ́ńdè mìíì tó dé. Mo rò nígbà yẹn pé ìráhùn yẹn ni àìsàn ibẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó bá ṣì ń ráhùn ṣì gbà pé nǹkan lè dáa ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀gbọ́n kan láàárín wa jẹ máníjà. Ẹ jẹ́ n sòótọ́ nípa wọn, torí ó rọrùn kéèyàn jókòó sílé kó máa fi ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó mọṣẹ́ tó wọn. Tí kọ́sítọ́mà bá ń pariwo lórí fóònù, tó o ti gbìyànjú gbogbo ohun tó o mọ̀ tó ti tojú sú ẹ, wọ́n á fa àga wọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, wọ́n á ní "jẹ́ n wò ó," wọ́n á máa kùn lábẹ́nu bí ẹni tó ń rántí orin, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá wọ́n á ní "ó ti tán," wọ́n á fa àga wọn padà. Wọn ò ní ṣe fáàrí kankan. Torí ìyẹn ni wọ́n ṣe gbé wọn ga, ìyẹn náà ló sì bà á jẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tó ń jẹ́ Laurence Peter, ọdún 1969 ló ti sọ ọ́ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn: wọ́n á máa gbé èèyàn ga torí pé ó mọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á tún gbé e ga, wọ́n á tún gbé e ga, títí wọ́n á fi gbé e dé ìdí iṣẹ́ tí ò mọ̀, ibẹ̀ ló sì máa wá jókòó sí pátápátá. Àwàdà ló fi kọ ọ́ o, àmọ́ èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Wọn ò rán ẹ̀gbọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí èèyàn, kódà ọjọ́ kan péré. Ní Fúráídè wọ́n wà láàárín wa, nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè wọ́n ti dúró níwájú tábìlì, wọ́n di bébà mú, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ẹni tó mọṣẹ́ jù lọ́ọ́fíìsì ti lọ lọ́wọ́ wa, a ò sì rí ọ̀gá gbà dípò.

Àwọn ọ̀gá òkè wá gbé tágẹ́ẹ̀tì fún wọn: tíkẹ́ẹ̀tì ogójì lójúmọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan kọ́ ara ògiri, orúkọ gbogbo wa wà lójú ẹ̀, tó o bá ti pé ogójì orúkọ ẹ á di àwọ̀ ewé, tó ò bá pé e, pupa. Pupa fòò. Kó o máa lọ sílé ìyàgbẹ́ kó o máa rí orúkọ ara ẹ ní pupa bí ẹni tó jí nǹkan.

Láàárín oṣù kan péré gbogbo wa ti di àwọ̀ ewé. Ẹ máa rò pé a ti mọṣẹ́ sí i ni, àbí? Rárá o. A kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa tíkẹ́ẹ̀tì dé láì yanjú nǹkan kan ni. O máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á kẹ́ ẹ tún un tàn, tó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ẹ tún pè wá, o ti pa á dé nìyẹn, ọ̀kan ti wọlé. Tíkẹ́ẹ̀tì tó bá le wá di ọmọ tí ò ní bàbá. Gbogbo wa là ń dọ́gbọ́n tì í sọ́dọ̀ ẹlòmíì, torí ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́ta jókòó ti ọ̀kan ṣoṣo ti di pupa nìyẹn, ẹni tó sì pa ogójì dé láì ka ìdajì ẹ̀ ni wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Èmi náà ṣe é. Mi ò ní parọ́ fún yín, èmi náà ṣe é dáadáa, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì.

Onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Goodhart lorúkọ ẹ̀, ti kíyè sí irú nǹkan yìí ní 1975. Ọ̀rọ̀ bí ìjọba ṣe ń fẹ́ ṣọ́ owó tó wà nígboro ni tiẹ̀ dá lé, ó ní òǹkà tó ti ń sòótọ́ bọ̀ látẹ̀yìnwá, gbàrà téèyàn bá ti sọ pé òun fẹ́ máa fi darí nǹkan, òótọ́ inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ. Mi ò mọ nǹkan kan nípa owó ìjọba, àmọ́ mo mọ tẹlifíṣọ̀n ara ògiri yẹn.

Kọ́sítọ́mà kan wà, màmá kan báyìí, ohùn wọn tutù. Ìpè wọn já lu èmi nígbà kan, wọ́n ní ìṣirò àwọn tún ti dàrú, pé ọjà tí àwọn tà lóṣù yìí ló wà lábẹ́ oṣù mìíì. Mo ṣí fáìlì wọn. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló ti wà níbẹ̀ ṣáájú, oṣù mẹ́rin tẹ̀ léra, ìṣòro kan náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la kọ "a ti yanjú ẹ̀" sí lára. Ìyẹn ni pé ìyà ẹnì kan ṣoṣo ti di iṣẹ́ àṣeyọrí mẹ́rin lára ògiri wa. Wọ́n wá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ náà fẹ́ pa á dé ni?" Mo ní rárá mà. Aago mẹ́rin kọjá nígbà yẹn, mo ti ṣe méjìdínlógójì. Mo pa á dé.

Lẹ́yìn ìyẹn la gbọ́ ohùn ìkẹyìn ní mítíìnì. Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí àmọ́ tó ti pẹ́ níbẹ̀ jù mí lọ, ọdún mẹ́fà. Ọ̀gá bi ìbéèrè wọn, ọmọ yìí nawọ́, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òǹkà yìí kì í ṣe òótọ́. Gbogbo wa la mọ̀." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò pariwo, kò rí ọ̀gá fín. Ẹ̀rù ńlá ló bá wa, àmọ́ inú wa dùn náà, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Ojú ọ̀gá kọ́kọ́ dà bí ẹni tó fẹ́ sọ pé òótọ́ ni. Mo rí i. Wọ́n wá wo ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Á dáa ká jọ sọ ìyẹn tá a bá parí mítíìnì." Wọn ò sọ ọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ti gbé ọmọ náà lọ sí ṣíìfù alẹ́. Wọ́n ní ètò ni, pé ó kàn bọ́ sí àkókò yẹn ni. Bóyá òótọ́ ni o, mi ò lè búra. Àmọ́ ṣé ẹ rí i, iléeṣẹ́ ò nílò kó fi ìyà jẹ gbogbo èèyàn. Ẹnì kan ti tó. Àwa mẹ́tàlá tó kù ti gbọ́ èdè náà láì sí ògbufọ̀.

Bí ẹnu wa ṣe pa nìyẹn. Kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan kẹ̀, ó sú wa ni. Kí lèèyàn tún fẹ́ sọ?

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ọ̀gá òkè wá rí i pé inú òṣìṣẹ́ ò dùn. Wọ́n pín ẹ̀wù fún wa, ẹ̀wù funfun, wọ́n kọ "Ẹbí Kan Ni Wá" sí i láyà. Tèmi ṣì wà nílé, òun ni mo fi ń nu bàtà. Lẹ́yìn ẹ̀wù wọ́n fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ká sọ ohun tó wà lọ́kàn wa, pé ká má bẹ̀rù, kò ní sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo ṣí i. Ìbéèrè àkọ́kọ́: ẹ̀ka wo lo wà? Ìkejì: ọkùnrin àbí obìnrin? Ìkẹta: ọdún mélòó lo ti lò? Mo rántí ọmọ ṣíìfù alẹ́ yẹn. Obìnrin mẹ́ta ló wà lẹ́ka wa, òun nìkan ló ti lo ọdún mẹ́fà. Orúkọ wo ló tún kù tí wọn ò tíì bi í? Ó ní òun fi máàkì tó pọ̀ jù sí gbogbo ẹ̀, pé inú òun dùn gan-an ni. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e ọ̀gá ka èsì ẹ̀ fún wa ní mítíìnì, wọ́n ní inú òṣìṣẹ́ ẹ̀ka wa ló dùn jù nínú gbogbo iléeṣẹ́. A pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, a pàtẹ́wọ́.

Àwọn èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Àwọn tó mọṣẹ́ ló kọ́kọ́ lọ, torí àwọn ni wọ́n ń wá níta, àwọn tó kù wá ń ru ẹrù tiwọn pọ̀ mọ́ ti ara wọn. Ọkùnrin kan tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún àfikún owó láti ọdún kejì, ọjọ́ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ gan-an ni owó wá yọjú lójijì, wọ́n fi lọ̀ ọ́, inú wá bí i ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ó ní ìyẹn ni pé owó náà wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. A pé mẹ́rìnlá ní ìbẹ̀rẹ̀, a di mọ́kànlá, wọ́n gba méjì tuntun, ọ̀kan nínú wọn ò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Tágẹ́ẹ̀tì ò yí padà o. Ogójì ni.

Tèmi, ara ni mo fi mọ̀. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ mí láyà, oúnjẹ ò ní wù mí, mo máa bínú sí àwọn ará ilé láìnídìí. Mo rò pé ọ̀lẹ ni mí ni. Ìgbà tí mo wá ka ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ nípa burnout ló tó yé mi. Lọ́dún 2019 ni wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ nínú àkójọ àìsàn wọn, wọ́n ní kì í ṣe àìsàn fúnra ẹ̀, ohun tí wàhálà ibiṣẹ́ tó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bójú tó máa ń fà ni, ó sì ní ọ̀nà mẹ́ta tó ń gbà yọ: kó rẹ èèyàn wá látinú egungun, kí ọkàn èèyàn jìnnà sí iṣẹ́ náà tàbí kó máa rí i lára, kéèyàn wá máa wo ara ẹ̀ bí ẹni tí ò lè ṣe nǹkan gidi kan mọ́. Àárẹ̀ yẹn, mo lè fara dà á. Èkejì yẹn ló bà mí lẹ́rù. Kọ́sítọ́mà kan ń sunkún lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ìwé ọdún odindi ti sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́, mo tẹ bọ́tìnnì tí ò ní jẹ́ kó gbọ́ mi, mo yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ń sín in jẹ. A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, ìyẹn ló tún pa wá lẹ́rìn-ín pọ̀. Mo délé mi ò lè sùn.

Mo fẹ́ sọ ti alẹ́ ọjọ́ kan kí n tó dákẹ́. Mo gbàgbé ṣájà mi, mo padà lọ sí ọ́fíìsì, ó ti tó bí aago mẹ́jọ. Wọ́n ti pa iná gbogbo ibẹ̀ àyàfi ti igun kan. Ọ̀gá ló jókòó síbẹ̀, nídìí tábìlì wọn àtijọ́, kì í ṣe inú yàrá máníjà o, wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n ń kùn.

Mo ní ẹ kú iṣẹ́ sà. Wọ́n ta gìrì, wọ́n ní, "Àṣé o ò tíì lọ? Wá wo nǹkan kan."

Tíkẹ́ẹ̀tì màmá ohùn tútù yẹn ni. Wọ́n ti wà nídìí ẹ̀ látaago márùn-ún. Wọ́n fi hàn mí: kọ̀ǹpútà tí màmá fi ń kọ ọjà sílẹ̀ máa ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́, software tiwa sì máa ń ka ọjọ́ ṣáájú oṣù. Ọjà tí wọ́n bá tà ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, tiwa á kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin. Tó bá ti di ọjọ́ kẹtàlá oṣù, kò ní lè ṣì í kà mọ́ torí pé kò sí oṣù kẹtàlá, gbogbo ẹ̀ á wá gún régé. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dà bíi pé ó ti lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pè wá níbẹ̀rẹ̀ gbogbo oṣù, tá a ní kí wọ́n pa á kí wọ́n tún un tàn, tó sì máa ń dáa fúnra ẹ̀ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, tá a wá ń kọ orúkọ wa sí i lára pé àwa la tún un ṣe.

Ẹ̀rín wà lójú wọn, irú ẹ̀rín tí mi ò rí látọjọ́ tí wọ́n ti di máníjà. Wọ́n ní, "Àbúrò, èyí nìkan ló yé mi níbí yìí."

Mo gbìyànjú. Mo ní, sà, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún àwọn ọ̀gá òkè pé ogójì yìí ò ṣiṣẹ́?

Wọn ò dá mi lóhùn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ń wọ bàtà wọn. Wọ́n wá ní, "Wọ́n máa ń bi àwa náà bóyá a ní ìbéèrè."

Oṣù méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni mo rí iṣẹ́ mìíì. HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pè mí kí n tó lọ, wọ́n jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi pẹ̀lú ìwé, wọ́n bi mí ní gbogbo nǹkan tí wọn ò bi mí fún ọdún mẹ́rin: kí lo rò pé a lè ṣe tó máa dáa jù, báwo lo ṣe rí ọ̀gá ẹ, kí ló mú kó o fẹ́ lọ. Mo ní ibi tí mò ń lọ sún mọ́ ilé. Irọ́ ni, ó jìn.

Mọ́ńdè tó kẹ́yìn, mo ti múra sílẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú fóònù mi, ìlà mẹ́ta péré: ọ̀rọ̀ ogójì, ọ̀rọ̀ ọmọ ṣíìfù alẹ́, ọ̀rọ̀ màmá. Kí ni wọ́n tún lè fi mí ṣe? Mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tán. Ọ̀gá ka ripọ́ọ̀tù, wọ́n kó bébà wọn jọ, wọ́n ní, "Ṣé ẹnì kankan ní ìbéèrè?" Mo gbójú sókè, ojú àwa méjèèjì ṣe mẹ́rin. Mo rò ó wò pé tí n bá sọ ọ́, ọ̀gá ló máa gbé e lọ sókè, àwọn ọ̀gá òkè á sì bi wọ́n pé ta ló ń da ẹ̀ka yín rú.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọmọ ṣíìfù alẹ́ yẹn fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó ní, "Ṣé o bi wọ́n?"

Mo ní rárá. Ó ní òun mọ̀.